Wọ́n Ti Mú Un Lọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo àbàwọ́n kan lára ògiri ilé wa tí n kò mọ ohun tó fà á. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣómólú. Ọ̀dà ibẹ̀ ti funfun rí. Ní báyìí ó ti dúdú, ó sì ń dán bí ohun tí wọ́n fi àdí pa. Bí mo bá na apá mi méjèèjì, bó ṣe gùn tó nìyẹn, kò sì ga ju ibi tí orí ọmọ tó jókòó máa ń dé. Mo rò pé páìpù ló ń jò nínú ògiri. Mo pe bàbá onílé. Wọ́n wò ó, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìpara irun ni." Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Lóru ọjọ́ kan ni mo wá mọ̀. Káléńdà ẹgbẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ náà, aago mọ́kànlá sì ti lù. Mo gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n ń pa mọ́nú. Mo yọjú. Ọmọ mẹ́fà ló tò sórí àtẹ̀gùn bí ọmọ ilé kéwú tó gbé wàláà dání, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ìmọ́lẹ̀ fóònù tàn sójú kálukú wọn. Wáìfáì mi ni wọ́n ń lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ló fún wọn ní páswọ́ọ̀dù kó tó padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí o tó rí ilé ẹnikẹ́ni, òórùn tàdáwà á ti pàdé rẹ lọ́nà. Èmi ni mo ń to iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ: ìwé ìpè ìgbéyàwó, jọ́tà, ìwé ètò ìsìnkú. Fáìlì kan lè tó 400 megabyte. Bí mo bá ń fi dátà orí fóònù rán irú rẹ̀, èrè ti wọgbó nìyẹn. Ìdí nìyí tí awo kékeré kan fi wà lórí òrùlé wa, tó kọjú sí òpó àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi, owó tí mo sì ń san lóṣooṣù máa ń dùn mí dé egungun.

Inú bí mi. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo yí páswọ́ọ̀dù padà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìta dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan: "Ó ti lọ."

"Kí ló lọ?"

"Wáìfáì. Wọ́n ti mú un lọ."

Ẹnì kan pòṣé. Òmíràn ní, "Wọ́n á mú un dé tó bá di àárọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí nù, kálukú wọlé lọ sùn.

Wọ́n wo?

Káléńdà yẹn kò parí lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo jókòó tì.

Lédè wa, wọ́n méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún àgbà: wọ́n ń sùn, wọ́n ti jẹun, wọ́n ní kí n kí yín. Ẹni tó ń sọ ọ́ mọ ẹni tó ń bá wí, ó mọ yàrá tí wọ́n wà, ó mọ bí ikọ́ wọn ṣe ń dún. Wọ́n kejì ni ti iná. Wọ́n ti mú iná lọ. Wọ́n ti dí ọ̀nà. Wọ́n ti wó ìsọ̀ tó wà létí títì. Wọ́n yìí kò lójú, kò ní ilẹ̀kùn téèyàn lè kàn. Ìgbà tó bá wù ú ló ń mú nǹkan wá, ìgbà tó bá wù ú ló ń kó o lọ, tiwa ò sì ju ká pariwo "Up NEPA" lọ nígbà tó bá dé. Láti ọdún 2005 ni iléeṣẹ́ iná kò ti jẹ́ NEPA mọ́. Àwọn ọmọ orí àtẹ̀gùn wa, tí wọn ò tíì dáyé nígbà yẹn, ṣì ń pariwo orúkọ náà, torí wọn ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè pe ẹni tí wọn ò rí rí.

Láti kékeré ni mo ti ń bú wọ́n kejì yìí. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi di ọ̀kan lára wọn.

Ẹ lè sọ pé olè kì í kanlẹ̀kùn. Òótọ́ ni, dátà olówó ni wọ́n ń jẹ láìtọrọ. Àmọ́ mo gbọ́ ohùn wọn, kì í ṣe ohùn ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. Ohùn ẹni tí iná lọ mọ́ lójú ni. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín àtẹ̀gùn yẹn àti ilẹ̀kùn mi. Ọmọ tó sọ pé wọ́n ti mú un lọ yẹn, Kẹ́hìndé ọmọ Màmá Ìbejì ni, òun ló ń bá mi ra búrẹ́dì láàárọ̀. Bí iyọ̀ bá tán nílé wọn, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá. Bí wọ́n bá wá ọmọ odó tì, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Íntánẹ́ẹ̀tì wá lọ, kò sì sí ẹni tó rò ó pé èèyàn ẹlẹ́ran ara kan ló wà nídìí rẹ̀, àfi bí ẹni pé òjò ló dá.

Páálí Màmá Ìbejì

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo pe Kẹ́hìndé. Kí n tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi." Mo ní kó dìde, kó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lálaalẹ́ fún mi. Ó ní àwọn méjì ń gbá bọ́ọ̀lù orí fóònù. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè fún àwọn ìyàwó, ó fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́. Òmíràn ń bá bàbá rẹ̀ tó wà ní Kútọnu sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tún wà tí n kò ní kọ ohun tó ń wò síbí. Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó wọlé, ó mú ìbòrí páálí bísíkíìtì kan jáde. Màmá rẹ̀ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Palmgrove. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ara páálí náà, lẹ́tà ràbàtà: *Onímárúwá fìlà, 1,200. Ìyàwó olóyún, 800. Kọ́ńdọ́, 1,500. Ṣọ́jà, 2,000. Ọmọ báńkì, 1,800.* Àwọn kan ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan kò ní. Lọ́sàn-án, nígbà tí èrò bá bo Màmá Ìbejì, owó inú fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san. Oníbàárà á na ojú fóònù sí wọn, á ní, "Ó ti lọ, Màmá." Màmá Ìbejì á wo fóònù tiwọn, áláàtì kò wọlé. Dátà lè ti tán, nẹ́tíwọọ̀kì sì lè ti wúwo, ẹni mẹ́jọ sì ń na abọ́ lẹ́yìn. Wọ́n á kọ orúkọ tí wọ́n fún oníbàárà náà sára páálí, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Tó bá di alẹ́, Kẹ́hìndé á gba fóònù wọn, á lọ sórí àtẹ̀gùn, á ṣí báńkì, á máa fi àmì sí ẹni tí owó rẹ̀ wọlé lóòótọ́.

Ti Ṣọ́jà kò tíì ní àmì. Ọjọ́ kẹta nìyẹn.

Mo di páálí yẹn mú títí. Ìwé ìṣirò ọjà obìnrin kan ni, àtẹ̀gùn wa ni ọ́fíìsì rẹ̀, èmi ni mo sì ti ọ́fíìsì náà pa ní aago mọ́kànlá òru torí pé ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. A kà á nínú ìròyìn, a ráhùn, a sì ń rà á lọ. Ẹni tó ń ta ìrẹsì 800 náírà kò lè máa rà á lọ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń dá ìgbà tí yóò tan dátà àti ìgbà tí yóò pa á. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Hẹ̀rẹ̀huru ni mo gbọ́ lábẹ́ fèrèsé mi tí mo pè ní ẹ̀rín.

Kì í ṣe òjò

Àwọn tó ń ṣèlérí wáìfáì tó máa kárí Èkó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò: yóò kàn rọ̀ sórí gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní àpótí rẹ̀ nílé mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi ń sọ orúkọ nẹ́tíwọọ̀kì méjì jáde. Èyí tó yára kì í kọjá ògiri pálọ̀. Èyí tó lọ́ra ló máa ń dé àtẹ̀gùn, ẹnu ilẹ̀kùn onírin bàbá onílé ló sì ń kú sí. Àwọn ọmọ yẹn ti fi ẹ̀yìn wọn wọ̀n ọ́n fúnra wọn: ibi tí ògiri ti dúdú jù gan-an ni nẹ́tíwọọ̀kì ti lágbára jù. Èmi tí mo rà á kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá rò ó. Kó tó lè kárí àdúgbò wa nìkan, pẹ̀lú ilé tó fún mọ́ra, ògiri búlọ́ọ̀kù àti irin fèrèsé, òpó díẹ̀ ni kò ní ní àpótí lórí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ohun tó máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá a, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa gun àkàbà nígbà tó bá kú. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà kéde irú ètò yìí lọ́dún 2004, pé gbogbo ìlú ni yóò kárí. EarthLink gba iṣẹ́ náà. Àpótí tó nílò ju èyí tí wọ́n ṣírò lọ, ó ń ṣòro kó wọ inú ilé oníbíríkì, àwọn tó ń sanwó kò sì pọ̀. Nígbà tó di 2008, iléeṣẹ́ náà kẹ́rù rẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ.

Tiwa náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, Google gbé Google Station wá sí Nàìjíríà, Èkó ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, nínú àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Ikeja City Mall. Wọ́n ní yóò dé ibi 200 ní ìlú márùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn máa pa á tì kárí ayé. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó dátà ti wálẹ̀, wáìfáì ọ̀fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan mọ́. Mo ka ìdí yìí lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ ẹni tí wọ́n bi ní Palmgrove.

Kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì kò dé etí òkun wa o. Kébù MainOne àti Glo-1, tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti ọdún 2010. Equiano, tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, gúnlẹ̀ lọ́dún 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 ni a tún mọ bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì tó, nígbà tí kébù bíi mélòó kan já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí báńkì ń fà, tí ọlọ́jà àti oníbàárà ń wojú ara wọn ní Ìdúmọ̀tà. Ọ̀nà tó jìn ni láti etí òkun dé orí àtẹ̀gùn. Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù kébù mọ́lẹ̀ lọ́dún 2020, 6,000 kìlómítà ni wọ́n dá lábàá. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn lóòótọ́, mo sì kí wọn fún un, torí kò sí àdúgbò tó lè dá a ṣe. Àmọ́ kébù tó wà lábẹ́ títì kò sọ pé ọmọ kan á rí nẹ́tíwọọ̀kì lórí àtẹ̀gùn.

Omi ẹ̀rọ

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí ìyá ìyá mi, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ kì í tán lẹ́nu wọn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ fa omi láti Ìjù wá sí Èkó, tí wọ́n ní ará ìlú ló máa sanwó rẹ̀, Èkó fárígá. Wọ́n ṣe ìwọ́de lọ́dún 1908, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà lọ́dún 1916. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó dìde sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ní kànga, òyìnbó ló nílò omi, kí òyìnbó sanwó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtàn yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Ó ti yàtọ̀ sí mi báyìí. Kànga ní olóhun. Bí okùn bá já tàbí tí ewúrẹ́ kó sínú rẹ̀, ẹ mọ ilé tí ẹ máa lọ. Ẹ̀rọ ojú títì dé, ó dára, ó mọ́ ju kànga lọ, ìyá ìyá mi fúnra wọn pọn ọ́n dàgbà. Àmọ́ nígbà tí omi kò yọ mọ́, ta ni wọ́n máa lọ bá? Wọ́n ti mú omi lọ. Ẹ lọ sí Èkó lónìí, ẹ ó rí mẹ́rúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ gálọ́ọ̀nù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ wà nígbà kan. Omi rẹ̀ wọ́n, n kò sì mọ ibi tó ti pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ó lójú, ó ní nọ́ńbà fóònù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn obìnrin abẹ́ agboòrùn. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, owó káàdì SIM nìkan ju owó oṣù ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ta ló jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí fóònù pè? Obìnrin kan tó ní tábìlì, àga méjì àti fóònù kan, tó ń wo aago bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìpè bá já, ìwọ àti òun ni ẹ jọ máa jà á níbẹ̀, ẹ ó sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Fóònù tó kárí ìlú nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni gé ríbọ́ọ̀nù.

Torí náà, bí wọ́n bá bi mí léèrè, n kò fẹ́ wáìfáì ọ̀fẹ́ tó máa bo Èkó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì sí pápákọ̀ òfurufú 20, ilé ẹ̀kọ́ gíga 43 àti àwọn ọjà kan. Ẹni tó ń wọ bàálù ti ní dátà tiẹ̀. Ká kó ti pápákọ̀ wọ̀nyẹn kún ti ọjà. Kí nẹ́tíwọọ̀kì wà níbi tí owó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí owó rẹ̀ kéré débi pé olóúnjẹ lè san án láìronú, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹnì kan sára òpó rẹ̀, ẹnì kan tó ń gbé àdúgbò, tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà náà. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ní èyí kéré jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ATEGUN

Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣèpàdé nísàlẹ̀, ẹni méje. Mo ní mo lè ya orúkọ kan sọ́tọ̀ lórí àpótí mi fún gbogbo ilé, kó máa kú láago méjìlá òru, kí iṣẹ́ mi má sì dí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lóṣù fún yàrá kan. Bàbá onílé ní àwọn kì í tẹ fóònù, àmọ́ àwọn á san, kí àwọn ọmọ lè máa wà nítòsí. Kẹ́hìndé ló ń gbowó, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Páálí bísíkíìtì náà ló tún lò. Yàrá méjìlá ló wà, méje ló ti san. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò san ló ń lò ó jù, a sì mọ̀ ọ́n. A ò tíì mọ ohun tí a máa ṣe fún un.

Kẹ́hìndé ló sọ wáìfáì náà lórúkọ: ATEGUN, láìsí àmì ohùn. Àtẹ̀gùn ló ní lọ́kàn. Bàbá onílé kà á sókè, wọ́n ní, "Atẹ́gùn? Ó dáa, afẹ́fẹ́ dára." Kò sẹ́ni tó tún un ṣe fún wọn.

Ṣọ́jà ti sanwó ìrẹsì. Wọ́n kò tíì kun ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, aago mọ́kànlá kù díẹ̀, mo ti sùn nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ọmọbìnrin kékeré kan tí n kò rí rí ló dúró síbẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ilé kẹta sí tiwa ló ní òun ti wá. Ó kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Àǹtí, ẹ kú oorun o. Ó ti lọ."

"Ta ló ní kó o wá jí mi?"

"Kò sẹ́ni o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni ín."

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, ínfátà náà sì ti kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń kùn.